Aṣọ wo ni kí n rà fún ẹ̀wù àga tí màá máa bọ́ fọ̀?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o. Tìmùtìmù mẹ́fà ló wà lórí àga pálọ̀ mi, ọmọ mẹ́ta ló sì ń jẹun níbẹ̀. Èmi ni mo ń rán aṣọ wọn, máṣíìnì ọlọ́wọ́ tí ìyá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń rán an. Lọ́dún tó kọjá, mo ra aṣọ òwú aláwọ̀ aró kan ní Gbági. Ó bá àga mu rẹ́gí. Ọ̀sẹ̀ kejì, àbíkẹ́yìn da ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí i. Mo bọ́ ọ, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo ní kí n wọ̀ ọ́ padà, síìpù kọ̀, kò pàdé! Èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé ti ṣá pátápátá. Ẹnìkan ní kí n lọ ra àrán. Ṣé kí n rà á?

Ọmọ Èkó:
Ẹ fi lẹ́dà bò ó, ẹ máa nù ún. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Ẹ̀gbọ́n, a ti lò ó rí. Nígbà ooru, ẹ fẹ́ dìde, itan yín ò tẹ̀ lé yín. Lẹ́yìn náà ló wá ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja.

Télọ̀ Onítìmùtìmù, Abẹ́òkúta:
Ìyá wa, ẹ kú wàhálà. Òwú máa ń súnkì, ẹ ò sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Ibẹ̀ nìkan lẹ ti ṣì í. Ẹ ra díẹ̀ ná, ẹ gé ínǹṣì 12 níbùú lóòró, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ wá tún un wọ̀n. Bí ààbọ̀ ínǹṣì bá lọ, ínǹṣì mẹ́ta ló máa lọ lára aṣọ tó gùn ní 72. Ẹ ò rí i pé síìpù ò jẹ̀bi?

Àrán kọ́. Ibi tí wọ́n bá ń jókòó sí á tẹ̀, ọbẹ̀ á sì kó sínú irun rẹ̀. Kànfáàsì tàbí jíǹsì ni kí ẹ wò, èyí tí ìhun rẹ̀ ki. Ẹ gbé e kọjú sí oòrùn: bí ẹ bá ń rí ìka yín lódìkejì, ẹ dá a padà fún ìyá aláṣọ. Ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ rẹ sómi nù ún dáadáa. Bí aró bá yí i, ó máa yí aṣọ àlejò náà.

Ẹ tún bèèrè fọ́nrán rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó di eérú, á máa rùn bí ìwé. Rọ́bà, ìyẹn pólísítà, á yọ́, á kó jọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó pa méjèèjì pọ̀ dáa, kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Rọ́bà pọ́ńbélé ń mú ooru, epo pupa kì í sì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ máṣíìnì nọ́ńbà 16 ni kí ẹ lò, nítorí ojú rírán kànfáàsì nípọn. Ẹ má fipá yí ọwọ́ máṣíìnì màmá o.

Aláṣọ Òkè, Ọ̀yọ́:
Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, inú rẹ̀ ni kí ẹ yí síta kí ẹ tó sá a. Oòrùn ló ṣá ti àkọ́kọ́.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Ẹ ṣé gan-an. Kànfáàsì ínǹṣì 12 ti wà lórí okùn báyìí. Àbíkẹ́yìn ń bèèrè pé ìnujú ta ni.