Ṣé RAM ECC tó owó tí wọ́n ń tà á?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ to sáfà kékeré kan fún ọ́fíìsì oníṣirò owó ní Wuse, Abuja: Linux, ZFS (ètò tó ń tọ́jú fáìlì sórí díìsì), RAM 32GB, tọ̀sán-tòru ni yóò máa ṣiṣẹ́.

RAM ECC, ìyẹn RAM tó ń ṣọ́ àṣìṣe inú ara rẹ̀, ń fi bíìtì (0 tàbí 1) 8 kún bíìtì dátà 64 kó lè tún bíìtì kan tó bá yí padà ṣe, kó sì figbe ta bí méjì bá yí. RAM lásán kì í sọ nǹkan kan: bíìtì kan péré ló wà láàárín 4 àti 5 nínú àkọsílẹ̀ owó. Bó bá ti yí kí ZFS tó ṣírò checksum (nọ́ńbà tó fi ń mọ̀ bí dátà bá yí padà), irọ́ náà ló máa pamọ́ bí òótọ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé RDIMM, irú RAM ECC tí wọ́n ń yọ lára sáfà àlòkù, ló pọ̀ lọ́jà níbí. Ó máa ń wọ ihò bọ́ọ̀dù AM4 (irú èyí tí Ryzen 5600 ń lò), àmọ́ kò ní tan. UDIMM ECC, irú tó wà fún bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà lásán, ló yẹ ẹ́, ó sì wọ́n. Mi ò sì lè yọ ọ́ lára owó UPS, torí ECC ò gba dátà là bí wọ́n bá mú iná lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lo UDIMM ECC pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ Ryzen 5600 nínú yín? Bọ́ọ̀dù wo ni? Ṣé dmidecode (àṣẹ Linux tó ń sọ irú RAM tó wà nínú ẹ̀rọ) ń fi Total Width 72 hàn, ìyẹn 64 pẹ̀lú 8, tí EDAC (apá Linux tó ń ka àṣìṣe RAM) sì ń ka àṣìṣe lóòótọ́? Àbí kí n kúkú ra sáfà àlòkù, pẹ̀lú gbogbo iná tó ń jẹ lórí ínfátà?