Ó ti kúrò nílé ọkọ, ẹ̀rù ò tíì kúrò lára rẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Oṣù mẹ́jọ rèé tí àbúrò mi obìnrin ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú, ọ̀dọ̀ mi ló wà l'Ákùúrẹ́ níbí. Ojú egbò ti jiná. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu géètì, ọmọ orógùn á já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ara á máa gbọ̀n. Kì í sùn lóru. Pásítọ̀ gbàdúrà títí. Oògùn oorun náà ò ràn án. Mo dárúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà lọ́nà Ọ̀dà, ló bá bú sẹ́kún: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé mo ti ya wèrè ni?" (Màmá wa tilẹ̀ ní kó padà sílé ọkọ. Láéláé!) Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ tí á fi gbà láti rí dókítà? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an.