Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó kógbá sílé ládùúgbò yín: kí lojú yín rí?

Àjíkẹ́ Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Súpámákẹ́ẹ̀tì Shoprite ti Kano tì ní January 2024, ti Wuse l'Ábújá tẹ̀ lé e ní June ọdún yẹn. Lọ́dún 2025 mo wọ súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan n'Ìbàdàn níbí, pẹpẹ òfìfo ni mo bá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ sọ tiyín. Èyí tẹ́ ẹ fojú ara yín rí ni mo fẹ́ gbọ́ o.

Kọ́lá Oníkẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ń sọ ti inú ṣọ́ọ̀bù, èmi ẹnu géètì ni mo ti ń jẹun. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwa oníkẹ̀kẹ́ á tò lọ bẹẹrẹ, ẹni tó gbé ọ̀rá mẹ́ta mẹ́rin dání ò ní bá èèyàn dúnàá-dúrà, "gbé mi dé Challenge" ló máa sọ, dúróọ̀pù nìyẹn. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì, ọmọ POS, àwọn tó ń fọ mọ́tò, gbogbo wa la jọ ń jẹ níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń bá àwọn ìyá àgbà ti trólì dé ìdí mọ́tò, ohun tí wọ́n bá fi sí i lọ́wọ́ ló fi ra fọ́ọ̀mù JAMB. Ìgbà tí wọ́n tì í, wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn sí mítìǹnì, àwa ò sí nínú ìwé ẹnì kankan. Ìwó Road ni mo wà báyìí, èèyàn pọ̀ ńbẹ̀ ṣùgbọ́n a ti pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ìyá Ìbejì: Búrẹ́dì wọn ni tèmi o.

Tọ́pẹ́: Ìyá Ìbejì, ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò 😭 Búrẹ́dì Shoprite, tó gbóná débi pé ọ̀rá ẹ̀ ṣì ń làágùn. Nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, láìnì búrẹ́dì yẹn kì í ṣe kékeré. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni àwọn tó ń kó o lódindi láti lọ tà á, kí ẹni tó lọ́mọ nílé má rí ẹyọ kan mú lọ.

Ìyá Sodíq: Èmi wà lára àwọn tẹ́ ẹ ń bú yẹn. Láti Àpáta ni mo ti ń wọkọ̀ wá, mo máa dúró lórí láìnì títí ẹsẹ̀ á fi wú, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ńkọ́? Ládùúgbò tèmi, kò sẹ́ni tó máa wọkọ̀ torí búrẹ́dì, èmi ni mò ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn, èrè tí mò ń jẹ lórí ẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni owó sukúù àwọn ọmọ mi ti ń jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ oníṣẹ́.

Tọ́pẹ́: Ẹ má bínú, ìyá wa. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Àmọ́ àwọn kan ń fi ojú wa gbolẹ̀ níbẹ̀, mo rí wọn.

Lánre: Ẹ fi búrẹ́dì sílẹ̀ jàre. Àwọn South Africa tó ni Shoprite rí i pé Nàìjíríà ò gbè wọ́n, wọ́n sá lọ, ó parí.

Músá Ìlọrin: Lánre, kò rí bẹ́ẹ̀. 2005 ni Shoprite dé mọ́ọ̀lù The Palms ní Lẹ́kí, l'Ékòó. 2020 ni wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ tà á, 2021 ni Ketron rà á, ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ni. Ọwọ́ tiwa-n-tiwa ló wà nígbà tí títì yìí bẹ̀rẹ̀. Dọ́là tó wà ní bíi ₦460 kó tó di June 2023, ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá ₦1,400. Ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù, dọ́là ni wọ́n fi ń ka rẹ́ǹtì. Ẹ tún wá bu diesel lé e, torí fìríìjì ẹran ò gbọdọ̀ kú lóru.

Lánre: Ṣé súpámákẹ́ẹ̀tì Foodco ò ra diesel ni? Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n ṣì wà.

Músá Ìlọrin: Foodco ò gba ilé tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù.

Adé Ìpékeré: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ìpékeré ni mò ń ṣe. Torí tiwọn ni mo fi gba nọ́ńbà NAFDAC, torí tiwọn ni mo fi tẹ ọ̀rá tó ní bákóòdù, wọn ò gbà á láìsí i. Wọ́n á gba ọjà tán, wọ́n á ní kí n wá gbowó lẹ́yìn oṣù méjì. Ó yá, oṣù méjì di mẹ́rin. Àwa kéékèèké dákẹ́ torí a ò fẹ́ kí wọ́n gbé tiwa kúrò lórí pẹpẹ. Àwọn ńlá tó ń kó mílíìkì àti ọṣẹ wá ló kọ́kọ́ yarí pé owó lọ́wọ́ káwọn tó já ọjà. Ibi tí pẹpẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo nìyẹn. Ẹni tó wá ra mílíìkì tí ò bá a, kì í dúró ra ìpékeré, ńṣe ló máa yí padà. Owó ò wọlé fún wọn, wọn ò rí san fún wa, a ò rí ọjà kó wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yí po títí ilẹ̀kùn fi tì. Èmi ni mo san gbèsè ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo jẹ ìyá kan ní Bódìjà. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń gé e.

Àlhájà Gbági: Mi ò gbà. Ta ló ń kó ọjà sílẹ̀ fóṣù mẹ́rin láìgbowó? Ó ní láti jẹ́ pé ìwé ò sí.

Adé Ìpékeré: Àlhájà, ìwé wà, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Owó ni ò sí.

Ìyá Sodíq: Àlhájà, ẹ ò tíì bá wọn ṣòwò rí ni.

Bàbá Òkè-Àdó: Ẹ̀yin ọmọ, èyí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀bù ńlá Kingsway ti UAC wà ní Dúgbẹ̀, Leventis wà, UTC wà. Tó bá ti di December, a ó kó àwọn ọmọ lọ wo Bàbá Kérésìmesì ní Kingsway. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọjà òkè òkun di ọ̀wọ́n, nígbà tó yá wọ́n pa gbogbo ẹ̀ dé. Àbúrò mi obìnrin ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọjà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìmọ̀ yẹn ló fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀.

Lánre: Bàbá, ayé ìgbà yẹn nìyẹn sà. Káṣíà ìsinsìnyí, owó oṣù ẹ̀ ò ju oúnjẹ àti owó ọkọ̀ lọ. Kí ló máa fi ṣí ṣọ́ọ̀bù?

Bùkì Peckham: Lọ́dọ̀ wa ní London níbí náà ni o. Woolworths, ṣọ́ọ̀bù 807, gbogbo ẹ̀ tì láàárín December 2008 sí January 2009, bíi 27,000 èèyàn ló pàdánù iṣẹ́. Wilko, ṣọ́ọ̀bù ńlá míì, tún lọ ní 2023. Ìyá mi ò mọ ibòmíì tó ti ń ra yúnífọ́ọ̀mù wa ju Woolworths lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rí owó díẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba ṣáá.

Kọ́lá Oníkẹ̀kẹ́: Ìjọba kẹ̀? Ẹ bá wa bi wọ́n bóyá ti oníkẹ̀kẹ́ wà ńbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Adé, ṣé ẹ ṣì ń ṣe ìpékeré yẹn? A fẹ́ sọmọ lórúkọ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Adé Ìpékeré: Mò ń fọwọ́ gé e báyìí, mà. Èyí tó láta àti èyí tí ò láta ló wà. Àdúgbò wo lẹ wà?

Ìyá Ìbejì: Òrìta Challenge. Èyí tó láta ni kẹ́ ẹ mú wá.

Kọ́lá Oníkẹ̀kẹ́: Èmi ni mo máa gbé e lọ o, kẹ́ ẹ má lọ pe ẹlòmíì.