Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn tó kílámpù mọ́tò mi ní Wuse 2 ti mọ ilé mi

Ìyá Ìbejì, Lugbe:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Oorun ò kun ojú mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo lọ ra aṣọ ẹgbẹ́ ní Wuse 2, mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí mọ́tò mìíràn tò sí. N kò rí bọ́ọ̀dù kankan níbẹ̀. N kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ìgbà tí màá fi dé, irin ti wà lẹ́sẹ̀ táyà iwájú. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan ní ìjọba ló gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ àwọn, kí n san 25,000 náírà. Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo san án lórí POS. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ òun kọ́ ló gbé mi wá síbí.

Kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n gba láísẹ́ǹsì àti ìwé mọ́tò. Èyí tó kéré nínú wọn fi fóònù tirẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti là sí méjì, ya wọ́n tiwájú tẹ̀yìn. Ó tún ní kí n ka NIN mi. Ìbẹ̀rù ni mo fi kà á, àwọn ọmọ wà nínú oòrùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Ó pe orúkọ mi àti ti bàbá mi, ó kọ àdírẹ́sì ilé mi, ó ní mo ṣì jẹ 15,000, bí n kò bá san án wọn á wá wọ́ mọ́tò náà nílé. Ọkọ mi wà nílùú Ìlọrin. Èmi àtàwọn ọmọ nìkan là ń sùn. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Kubwa:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún nọ́ńbà yẹn. Ṣé wọ́n já risíìtì fún yín?

Ìyá Ìbejì, Lugbe:
Ti POS nìkan ni, sà. Orúkọ ènìyàn ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́.

Bàbá Kubwa:
Háà.

Alájà Gwarinpa:
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń páàkì sójú títì ló ń fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún gbogbo wa. Ó yẹ kí ẹnìkan máa mójú tó o.

Lọ́yà Garki:
Ó yẹ bẹ́ẹ̀, mà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ẹjọ́ wà. Lọ́dún 2014, ilé-ẹjọ́ gíga Abuja dá owó páàkì ojú títì dúró nítorí kò sí òfin lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kílámpù mọ́tò yín lónìí, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín.

Ti NIN ló wá burú jù. Nigeria Data Protection Act, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023, sọ pé ohun tí iṣẹ́ bá nílò nìkan ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nọ́ńbà mọ́tò tó láti dá mọ́tò mọ̀. Kí ni wọ́n ń fi NIN ṣe? Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa yín, kí ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí ẹ sì fẹjọ́ wọn sun NDPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin náà, tó wà ní Abuja níbí. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá já sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè kó ènìyàn sí ewu, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ náà ní láti fi tó àjọ náà létí.

Ọmọ Nyanya tó wà ní London:
Níbí, aládàáni náà ló ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ibi páàkì. Kámẹ́rà á ka nọ́ńbà mọ́tò, wọ́n á san £2.50 fún DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, wọ́n á gba orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ín, lẹ́tà á sì bá ọ nílé. Inú wa ò dùn sí i rárá. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀, ibi tí a ti lè pẹjọ́ wọn sì wà. Kò sẹ́ni tó ń ya láísẹ́ǹsì èèyàn sínú fóònù ara rẹ̀.

Mo Ti Ṣe É Rí:
Mọ̀mí, mo ṣe iṣẹ́ yìí fún oṣù mẹ́rin. Wọn kò fún wa ní fóònù. Tiwa la fi ń ya ìwé, a ó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ọ̀gá, gbogbo wa tó wà níbẹ̀ á sì rí i, títí kan àwọn tó ti kúrò níṣẹ́. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí n pa fọ́tò kan rẹ́. Èmi fúnra mi ni mo jókòó pa wọ́n rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, orúkọ ènìyàn lórí orúkọ ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ ló kọ̀wé sí yín, ó dá mi lójú. Ẹ wá bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì yín, nọ́ńbà ẹni tó ti irin náà máa ń wà lórí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Lugbe:
Mo rí i! Ó wà lábẹ́ sítì, àwọn ọmọ ti fi bírò ya nǹkan sí i lára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà ṣì hàn. Ọlọ́run á bá mi san án fún un yín.

Lọ́yà Garki:
Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ WhatsApp náà, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí tésàn ọlọ́pàá nítorí ìhàlẹ̀ yẹn. Màá kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Ìbejì, Lugbe:
Mo dúpẹ́, sà. Ẹ̀rù àtidá lọ tésàn ló kù tó ń bà mí.

Bàbá Kubwa:
Ẹ ò ní dá lọ. Èmi àti ìyàwó mi á dé Lugbe ní aago mẹ́jọ ọ̀la. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.