Kí ló dé tí Akim Aliu fi gba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ họ́kì kọjá bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìbàdàn ní Calgary:
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń bi mí bóyá mo mọ Akim Aliu, agbáhọ́kì orí yìnyín tí wọ́n bí sí Okene ní ìpínlẹ̀ Kogi ní ọdún 1989, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ukraine. Nígbà tí mo wá ka ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, ìdíje 7 péré ni mo rí nínú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti wọ aṣọ wọn, láti Amẹ́ríkà títí dé Rọ́ṣíà, kò ṣeé kà tán. Ṣé kò mọ̀ ọ́n gbá ni, àbí bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn?

Bàbá Tolú, Brampton:
Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni, ọ̀gbẹ́ni. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú NHL, ẹni 23 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń lè ní lórí ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù á sọ̀kalẹ̀ sí AHL, líìgì tó tẹ̀ lé e, ECHL, líìgì mìíràn, sì tún wà lábẹ́ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí owó méjì wà nínú rẹ̀: bí o bá wà lókè, owó tó kéré jù ní sáà 2025–26 jẹ́ dọ́là 775,000, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀, débi pé ọjọ́ tí wọ́n bá dá ọ padà sísàlẹ̀ gan-an ni owó kékeré bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Chicago ló kọ́kọ́ mú Aliu, òun ni ẹni 56 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbáhọ́kì ní ọdún 2007. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, Chicago gba ife Stanley, ife ẹ̀yẹ NHL, kò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi í kún agbáhọ́kì wọn mìíràn, Dustin Byfuglien, nínú pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Atlanta, nítorí pé owó tí òfin gbà wọ́n láàyè láti san fún agbáhọ́kì ti kún dẹ́nu. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Atlanta fúnra rẹ̀ kó lọ sí Winnipeg! Oṣù kìíní ọdún 2012 ni Calgary gbà á, ibẹ̀ ló sì ti gbá góòlù 2 wọlé nínú ìdíje 2 àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá kò lè ṣe ìyẹn.

Ẹ tún wo Mike Sillinger, tí ó gbá fún ẹgbẹ́ 12 nínú NHL, tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ nígbà 9, síbẹ̀ tí ó gbá ìdíje 1,049. Ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀ níbi tí adájọ́ bá ti ju puck, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, sílẹ̀ sáàárín ẹni méjì, kò sì sí ẹgbẹ́ tí kò nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àwẹ̀ró:
Ẹ jọ̀wọ́, Kwara ni Okene wà ní 1989. Ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Bàbá Tolú, mo gba ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò owó nìkan ló ń lé ènìyàn kiri. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Aliu sọ ní gbangba pé kọ́ọ̀ṣì òun ní Rockford, ẹgbẹ́ AHL tó wà lábẹ́ Chicago, ní sáà 2009–10, fi àwọ̀ ara bú òun nítorí orin tí òun ń gbọ́, àti pé nígbà tí òun kò gbà, ó ní kí wọ́n rán òun lọ sí ìsàlẹ̀. Toledo, nínú ECHL, ni ó bá ara rẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì náà ti di olórí kọ́ọ̀ṣì ní Calgary nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, kò sì pẹ́ tí ó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá kan ń ka iye ẹgbẹ́ lórí ìwé kò ní mọ èyí?

Bàbá Tolú, Brampton:
Òótọ́ lẹ sọ, ìyá wa. Agbáhọ́kì ECHL kan gba yàrá lọ́wọ́ mi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ẹgbẹ́ kan, akoto rẹ̀ ní àwọ̀ òmíràn, àpò rẹ̀ ńlá sì wà lẹ́nu ọ̀nà fún oṣù méjì láìtú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ra ìbọ̀wọ́ tuntun. Ó ní kí òun kọ́kọ́ mọ àwọ̀ tí òun máa wọ̀.