Mustang 1967 tó ti dógùn-ún: ṣé kí n tún un ṣe ni àbí kí n ra bọ́dì tuntun?

Onírin_tuntun:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Mustang fastback 1967 kan (èyí tí òrùlé ẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ dé ẹ̀yìn) lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tó ti pa á tì sábẹ́ igi ọjọ́ ti pẹ́, orí ilẹ̀ lásán ló wà, ewé sì ti kún gbogbo ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé níwájú wíńdísíkíríìnì. Nígbà tí mo gbé e délé mo ní kí n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè wo abẹ́ ẹ̀, àfi gbì! ẹsẹ̀ mi ti já sísàlẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo dúró lé nínú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ò yí rárá, ó ti gan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé gbogbo ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi yanrìn fọ́n irin, èkejì ní kí n má dà ara mi láàmú, kí n ra bọ́dì tuntun tí Dynacorn ń ṣe kí n sì kó ẹrù ti àtijọ́ sínú ẹ̀. Èmi ní tèmi, ẹ́ńjìnnì ló ń wù mí kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn torí mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀. Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Wẹ́dà:
Fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná jọ̀ọ́, kò níbi tó ń lọ. Ilẹ̀ mọ́tò tó o já sí yẹn ò tiẹ̀ dẹ́rù bà mí, wọ́n ṣì ń tẹ páànù ilẹ̀ Mustang jáde títí dòní. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí omi gbà débẹ̀. Àwọn Mustang ayé ìgbà yẹn, ihò atẹ́gùn iwájú wíńdísíkíríìnì yẹn gan-an ni àìsàn wọn: òjò á wọ ibẹ̀, ewé á dí ojú ibi tó yẹ kó gbà jáde, omi á jókòó, á jẹ páànù inú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó tó di pé ó ń kán lé ẹsẹ̀ ẹni tó ń wakọ̀. Rọra da omi síbẹ̀, kó o wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tó bá ń kán, tó o wá pààrọ̀ ilẹ̀ láì tún òkè ṣe, ilẹ̀ tuntun náà á jẹrà ni. Mo sì sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀ o, láti ṣí òkè yẹn, gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ ní ilé iṣẹ́ lo máa fi dírílì lu kúrò níkọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ẹkún ni.

Ohun kejì, mọ́tò yìí ò ní férémù lọ́tọ̀ bíi Chevelle, bọ́dì ẹ̀ náà ni egungun ẹ̀. Mú sìkúrúdíráfà àti òòlù kékeré, máa kan frame rail iwájú àti ẹ̀yìn (irin gbọọrọ abẹ́ mọ́tò), torque box (àpótí irin tó so frame rail mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn), àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Irin tó dáa á dún gooro, èyí tó ti kú á dún pọ̀ọ̀ bíi páálí. Fi aṣọ wé òòfà kó o gbé e kiri ara fẹ́ńdà náà, ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́dì fílà, ìyẹn àtè tí wọ́n ń fi dí ihò ara mọ́tò, ni wọ́n fi dí i.

Gé_kíá:
Gbogbo wàhálà yìí fún kí ni? Ra bọ́dì tuntun, oṣù mẹ́fà ò ní pé tí wà á fi máa wà á.

Ìyá_Wẹ́dà:
@Gé_kíá nọ́ńbà wá ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà òfin ò gbà kéèyàn kàn tú nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò (VIN) kúrò lára eléyìí kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tọ̀hún. Kó kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀ níbi tó wà. Onírin, ka nọ́ńbà ẹ fún wa, ó wà lára irin inú, lábẹ́ fẹ́ńdà ọwọ́ ẹni tó ń wakọ̀. Lẹ́tà tó wà ní ipò karùn-ún ni mò ń wá, tó bá jẹ́ S, ẹ́ńjìnnì ńlá 390 ni, tó bá jẹ́ K, ẹ́ńjìnnì 289 alágbára tó ṣọ̀wọ́n ni, jókòó kó o mu omi.

Baba_Charger:
Èmi ò mọ Mustang tó yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí Charger 1969 mi. Mo gé abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún àti tòsì lọ́jọ́ kan náà, mọ́tò wà lórí jáàkì, mi ò fi irin kankan dè é nínú, mo rò pé mo já fáfá. Mo jó tuntun mọ́ ọn tán, ó rẹwà, mo ní kí n pa ilẹ̀kùn dé, ilẹ̀kùn lóun ò gbà. Àárín mọ́tò ti wọlẹ̀. Mo tún gé gbogbo ẹ̀ ni.

Torí náà, Onírin, kó o tó gbé gíráńdà, jó irin gbọọrọ mọ́ ọn nínú láti ẹnu ilẹ̀kùn iwájú dé ẹ̀yìn kí ọ̀kan sì kọjá láti ọ̀tún sí òsì, fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lára ẹ̀, wọn ẹnu ilẹ̀kùn ní ìdábùú láti igun sí igun kó o kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá ń jó páànù, kán an níbí, lọ kán an lọ́hùn-ún, jẹ́ kó tutù, torí kò nípọn ju bíi mílímítà kan lọ, tó o bá fa iná gùn lé e lórí á ká kò bí ewé gbígbẹ.

Onírin_tuntun:
Ẹ ṣé gan-an. Mo da omi sí i, ọ̀tún kán, òsì dà, asẹ́ lásán ni. Ti ẹ̀yìn dún gooro, àmọ́ torque box iwájú méjèèjì, sìkúrúdíráfà wọlé dé ọrùn. Nọ́ńbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7R02C.

Ìyá_Wẹ́dà:
1967, San Jose ni wọ́n ti tò ó, 02 ni fastback lóòótọ́, C ni ẹ́ńjìnnì 289 oníkábúrẹ́tọ̀ ẹlẹ́nu méjì. Kì í ṣe wúrà, àmọ́ fastback ni. Èmi á tún un ṣe. Àwọn tó ní fi yanrìn fọ́n gbogbo ẹ̀ yẹn, má dá wọn lóhùn, orí mọ́tò àti bọ́néẹ̀tì máa wọ́ ni, eruku yanrìn sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn irin kéékèèké, rì wọ́n sínú omi àti washing soda, kó o fi wáyà odi ṣájà bátìrì sára irin tó dógùn-ún, wáyà kejì sára irin mìíràn nínú omi náà, kí iná bó ògún náà kúrò, ìta gbangba ni kó o ti ṣe é torí gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀ lè gbiná, má sì lo stainless fún irin kejì láéláé, májèlé ló ń tú sínú omi.

Baba_Charger:
Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń jẹ ọ́ lọ́wọ́ (mo mọ̀ pé ó ń jẹ ọ́), yọ púlọ́ọ̀gì, po òróró gíà ọtomátíìkì mọ́ acetone ní ìlàjì-ìlàjì, bu díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbàgbé ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Sípánà ni kó o fi yí i lẹ́yìn náà o, síwá sẹ́yìn, má fi sítátà jà á.

Onírin_tuntun:
Mo ti bu ú sí i. Mo ti wọn ẹnu ilẹ̀kùn náà, tòsì fi mílímítà 9 ju tọ̀tún lọ. Ṣé mo ti gbé???

Baba_Charger:
Ilẹ̀kùn ṣì ń pa dé? Gbé mọ́tò sórí ìdúró mẹ́rin tó dọ́gba kó o tún un wọ̀n kó o tó sunkún. Tèmi nígbà kan, orí téèpù ló tẹ̀.