Eléré orí pápá wo lẹ fẹ́ràn jù, kí ló sì ń ṣe tó fi wù yín?

Etí Inú:
Ẹ̀yin olólùfẹ́ eré orí pápá, mo kí yín o. Ta ni ẹ fẹ́ràn jù nínú àwọn tó ń sáré àti àwọn tó ń fò, kí sì nìdí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wulẹ̀ ka iye góòlù fún wa. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni nǹkan tí ẹni náà ń fi ẹsẹ̀ tàbí ọgbọ́n orí ṣe, tí èèyàn tó ń wo eré lè nàka sí pé, "Òun nìyẹn."

Kí n fi tèmi lélẹ̀: David Rudisha ti Kenya, àṣekágbá mítà 800 ní Òlíḿpíìkì London, 2012. Wọn kì í fi asáréṣíwájú sínú eré Òlíḿpíìkì kó máa fa àwọn yòókù. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ síwájú nígbà tí wọ́n kúrò ní lénì kálukú, ìyẹn ojú ọ̀nà tí wọ́n pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó tún rí iwájú rẹ̀ mọ́. Ó sá ìyípo àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 49.28, ó sá èkejì ní 51.63, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1:40.91, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Ẹni tó ṣe ìkẹjọ, tó gbẹ́yìn pátápátá, sá 1:43.77!

Àǹfààní iwájú yẹn ṣeé ṣírò. Lénì kan fẹ̀ tó mítà 1.22. Ẹni tó bá ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn nínú igun kan, tó fi fífẹ̀ lénì kan jìnnà sí etí inú, ti fi nǹkan bíi mítà 3.8 kún eré tirẹ̀. Igun mẹ́ta ló sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò ní lénì kálukú. Bó bá wà níta nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti sá ju mítà 811 lọ. Rudisha sá 800 géérégé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láìní agbára tirẹ̀, nǹkan bíi mítà 600 ni ẹsẹ̀ yóò ti wúwo, tí èjìká yóò gbéra sókè, tí gbogbo àwọn tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ yóò sì gbà á kọjá.

Mẹ́jọ-àti-ààbọ̀:
Tobi Amusan ni tèmi, họ́dù mítà 100, eré tí wọ́n ti ń sá fo igi ìdíwọ́ kọjá. Ọjọ́ 24 oṣù Keje, 2022, ní Eugene, Amẹ́ríkà: ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn jẹ́ mítà 0.9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó fi bẹ́ẹ̀ gba rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Kendra Harrison tó ti sá 12.20 lọ́dún 2016. Lọ́jọ́ kan náà ó tún sá 12.06 ní àṣekágbá, ó gba góòlù, àmọ́ afẹ́fẹ́ ti di 2.5. Òfin kò gbà ju 2.0 lọ fún rẹ́kọ́ọ̀dù, ìdí nìyẹn tí 12.06 kò fi wọ ìwé.

Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ wà. Họ́dù mẹ́wàá, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8. Mítà 13 sí àkọ́kọ́, mítà 8.5 láàárín ọ̀kan sí èkejì, mítà 10.5 láti èyí tó kẹ́yìn sí ìlà ìparí. Èèyàn máa ń gbéra ní nǹkan bíi mítà 2 ṣáájú họ́dù, a sì balẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1 lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó kù fún ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó ń sá láàárín kò ju mítà 5.5 lọ. Àwọn tó ń wò rò pé ìṣòro ibẹ̀ ni pé ààyè náà jìn. Rárá o. Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni ààyè ń há mọ́ obìnrin tó yára gan-an, torí kò lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń nà án níbi tí kò sí họ́dù. Bí kò bá lè mú ẹsẹ̀ náà kúrú kó sì yá sí i, yóò sún mọ́ họ́dù jù. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù yóò fò sókè dípò kó sá kọjá, tàbí kó fi ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ gbá a.

Amusan kò ga, ohun tó sì mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni bí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣe ń yára padà sílẹ̀. Kì í dúró lófuurufú. Ẹ wo orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń dá eré náà padà díẹ̀díẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ sókè sódò rárá láti họ́dù kẹta títí dé ìkẹwàá. Àyà rẹ̀ á tẹ̀ síwájú kó tó gbéra, orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gba abẹ́ apá kọjá, á sì wá síwájú tààrà. Ẹni tí orúnkún ẹ̀yìn rẹ̀ bá rọ̀ sílẹ̀ ni ẹ máa rí tó yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá balẹ̀.

Mẹ́tàlá:
Ire o. Karsten Warholm ti Norway ni èmi ń tẹ̀ lé, họ́dù mítà 400. Rẹ́kọ́ọ̀dù Kevin Young, 46.78, ti wà láti Barcelona 1992. Warholm sọ ọ́ di 46.70 ní Oslo ní oṣù Keje 2021, ó sì tún sọ ọ́ di 45.94 ní àṣekágbá Tokyo ní oṣù Kẹjọ. Rai Benjamin tó ṣe ìkejì sá 46.17, èyí tí ì bá jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́jọ́ mìíràn.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ 13, ìyẹn ìgbésẹ̀ 13 láàárín họ́dù kan sí èkejì. Mítà 45 wà sí họ́dù àkọ́kọ́, mítà 35 láàárín wọn, mítà 40 sí ìparí. Bí ẹ bá yọ ibi ìgbéra àti ibi ìbalẹ̀ kúrò nínú 35, ẹsẹ̀ kan nínú 13 gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.4. Èyí rọrùn ní họ́dù kejì. Ní họ́dù ìkẹjọ, tí itan ti ń gbóná, ẹsẹ̀ á fẹ́ kúrú, ọ̀pọ̀ a sì bọ́ sí 14 tàbí 15. Ibi tí eré ti ń bàjẹ́ nìyẹn, torí ẹni tí kò múra fún ìyípadà náà yóò máa ta kọ́ṣọ́kọ́ṣọ́ bó bá ti ń dé iwájú họ́dù, tí gbogbo eré tó ti kó jọ yóò sì dànù. Iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíi 13, ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan náà máa ṣáájú ní gbogbo họ́dù. Warholm a máa di 13 yìí mú pẹ́ nínú eré, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ eré bí ẹni pé mítà 200 ni.

Ẹsẹ̀ Méjèèjì:
Ẹ̀gbọ́n Mẹ́tàlá, mo gbà fún yín lórí Warholm, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ bí ẹni pé iye tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba jẹ́ àbùkù. Sydney McLaughlin-Levrone ti Amẹ́ríkà, họ́dù mítà 400 àwọn obìnrin, ni mo fẹ́ràn, ẹsẹ̀ 14 ló sì máa ń lò láàárín ọ̀pọ̀ họ́dù rẹ̀. Pẹ̀lú 14, ẹsẹ̀ tó ń ṣáájú yóò máa pààrọ̀: òsì lórí èyí, ọ̀tún lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò dọ́gba kò lè lò ó. Òun lè lò ó, torí náà tí ẹsẹ̀ bá kúrú díẹ̀, yóò fi ọ̀kan kún un láìsí pé ó dá eré dúró. Ìyẹn ni 50.37 ní Paris 2024 ti wá. Lọ́dún 2025 ní Tokyo, ó fi họ́dù sílẹ̀, ó sì sá mítà 400 lásán ní 47.78, èyí tí Marita Koch nìkan ló sá jù, 47.60, láti ọdún 1985.

Ohun kan wà nípa igun tó yẹ kí ẹni tó ń wò mọ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ òsì ṣáájú nínú igun lè rọ̀ mọ́ ìlà inú lénì rẹ̀, torí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gba orí họ́dù kọjá. Ẹni tó fi ọ̀tún ṣáájú, òsì ni yóò fà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ yẹn sì lè gba ẹ̀gbẹ́ họ́dù kọjá, kó rẹlẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Wọn yóò lé e kúrò nínú eré bó tilẹ̀ ṣe ipò kìn-ín-ní. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i kí ó bọ́ sí àárín lénì kó tó gbéra nígbà tó bá jẹ́ ọ̀tún ló kàn.

Mẹ́tàlá:
Àbùrò, ìwọ náà ti là á yé mi. Mi ò sọ pé àbùkù ni, ọkùnrin ni mo ń sọ, níbi tí họ́dù ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 91.4. Ti obìnrin jẹ́ 76.2. Gíga yẹn ló mú kí pípààrọ̀ ẹsẹ̀ nira fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin.

Yanrìn:
Ẹ jẹ́ kí n mú yín kúrò lórí eré sísá. Jonathan Edwards ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta, ìdíje àgbáyé ní Göteborg, ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, 1995. Ìfò àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 18.16. Kò sí ẹni tó tíì kọjá mítà 18 lábẹ́ afẹ́fẹ́ tí òfin gbà ṣáájú ọjọ́ náà. Ìfò kejì, 18.29! Rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ni, ó sì ti lé ní 30 ọdún báyìí.

Òfin rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tó tẹ pákó ìgbéra ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ni yóò balẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni yóò fò wọ yanrìn. Bí ọ̀tún bá bẹ̀rẹ̀: ọ̀tún, ọ̀tún, òsì, yanrìn. Wọ́n wọn ìfò 18.29 náà ní ìpín mẹ́ta: 6.05, 5.22, 7.02. Ẹ wo èyí tó kẹ́yìn dáadáa. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti gba agbára lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ku eré tó lè gbé e lọ mítà 7.

Àṣírí rẹ̀ ni pé kò lọ sókè. Ẹni tó bá fò ga ní ìpín àkọ́kọ́ yóò jìnnà, ó lè kọjá 6.40, inú rẹ̀ a sì dùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ohun tó ń tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́wàá ìwúwo ara rẹ̀. Orúnkún á tẹ̀, ìdí á rì, ìpín kejì á sì di fífa ẹsẹ̀ lásán, kò ní ju mítà 4 àti díẹ̀ lọ. Edwards fò pẹlẹbẹ, eré rẹ̀ kò sì dínkù púpọ̀ láti pákó títí dé yanrìn.

Èkejì ni bí ẹsẹ̀ ṣe ń balẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá na síwájú tó sì fi ara rẹ̀ gbá ilẹ̀, bíréèkì nìyẹn. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa fà padà sẹ́yìn kó tó kan ilẹ̀, kí odindi àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀ pẹrẹsẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sábẹ́ ìdí. Ẹ dákẹ́ ariwo inú tẹlifíṣàn, kí ẹ wo ìbàdí rẹ̀ nìkan. Ẹ óò rí i pé kò rì.

Etí Inú:
Ẹ ṣeun gan-an, Yanrìn. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni Yulimar Rojas ti Venezuela ń ṣe? 15.74 rẹ̀ ní Belgrade, 2022, ya mi lẹ́nu.

Yanrìn:
Òun yàtọ̀. Rojas ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìpín tó kẹ́yìn ló sì máa ń fi gba eré. Ìpín kejì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dán. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìfò yìí, Edwards ni kó máa wò, torí gígùn ẹsẹ̀ Rojas kò ṣeé kọ́.

Àkọ́fò:
Ẹnì kan kò tíì dárúkọ Chioma Ajunwa? Ìfò jíjìn, Atlanta 1996, 7.12 ní ìfò àkọ́kọ́. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ní Òlíḿpíìkì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni gbogbo wọn fò nínú àṣekágbá nígbà yẹn, kí àwọn mẹ́jọ tó ṣáájú tó tún fò lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Ẹni tó bá fò jìnnà ní àkọ́kọ́ ti yí eré àwọn tó kù padà: gbogbo wọn ní láti lé e, wọ́n á fi ìkánjú kún eré ìgbéra, ẹsẹ̀ á sì kọjá pákó. Pákó náà kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ìgboyà àti fi gbogbo ara fò nígbà tí ọkàn ṣì ń lù kìkì ni mo fẹ́ràn jù lọ lára rẹ̀.

Ọ̀pá:
Armand Duplantis ni tèmi, ọmọ Sweden tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó ń fi ọ̀pá fò. Mítà 6.30 ní Tokyo, 2025. Ẹni tó bá rò pé agbára apá ni fífi ọ̀pá fò, kó ṣe ìṣirò yìí. Eré mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí gbogbo rẹ̀ bá di gíga, yóò gbé èèyàn lọ sókè mítà 5.1. Ìdodo ẹni tó dúró ti wà ní nǹkan bíi mítà 1 tẹ́lẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.1. Èyí tó kù ni ohun tí apá àti ikùn fi kún un nígbà tó bá dorí kodò. Nítorí náà eré ẹsẹ̀ ni olórí ọ̀rọ̀. Duplantis sá mítà 100 ní 10.37 ní Zürich lọ́dún 2024, ó sì borí Warholm tí ẹ ń yìn lókè yìí, tó sá 10.47.

Ohun tí ẹ máa wò ni ẹsẹ̀ ìgbéra. Ó yẹ kó wà ní ìsàlẹ̀ ọwọ́ tó wà lókè gan-an. Bó bá wọlé sábẹ́ jù, ọ̀pá á fa èjìká rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì ní yí dé òró.

Etí Inú:
Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọ̀pá ni kò bá wọn mu, kì í ṣe ẹsẹ̀?

Ọ̀pá:
Ẹ wo ibi tí ó balẹ̀ sí. Bí ọ̀pá bá rọ̀ jù, yóò yára yí, yóò sì gbé e lu igi ìdábùú nígbà tó ṣì ń gòkè lọ. Bó bá le jù, kò ní dé òró, yóò sì dá a padà sí ojú ọ̀nà tó gbà sáré wá, èyí sì léwu. Bó bá jẹ́ pé ó ga tó, àmọ́ tí àyà rẹ̀ kan igi nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, ọ̀pá kò ní ẹ̀bi. Àwọn òpó tó gbé igi ró ló yẹ kí wọ́n sún. Òfin gbà kí igi náà wà láàárín 0 sí sẹ̀ǹtímítà 80 sẹ́yìn ibi tí ihò ọ̀pá parí sí, afifò náà ló sì máa sọ iye tó fẹ́ fún àwọn adájọ́ kí aago rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.